Ìwé Gbèsè Tí A Fà Ya Nítorí Eré Ìfẹ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ilé Búrẹ́dì ní Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìkòròdú, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ṣágámù, níbi tí a ti fi ọjọ́ méje ya eré ìfẹ́ kan fún tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo kọ ìwé eré náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di àwàdà láàárín àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ eré, tí olúkúlùkù sì ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i, débi pé ẹni tó sọ ọ́ fún mi kẹ́yìn ní odindi ilé búrẹ́dì náà ló jóná. Kò sí ohun tó jóná àfi bébà. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ìyá tó ni ilé iṣẹ́ náà ni n ó máa pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àdúgbò ń pè wọ́n.

Ní kúkúrú, eré kan tó dá lórí bí ìfẹ́ ṣe yọ ilé búrẹ́dì kan nínú gbèsè ló mú kí ojú ewé mẹ́ta fà ya nínú ìwé gbèsè ilé búrẹ́dì gidi, lójú àwọn alágbàtà tó jẹ owó náà gan-an, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ sí i nítorí pé a ti sanwó fún wọn láti pàtẹ́wọ́.

Irú eré náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Marina gbọ́ pé àìsàn dá bàbá òun dùbúlẹ̀, ó wá sí Ìkòròdú fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì bá ilé búrẹ́dì bàbá rẹ̀ nínú gbèsè tó ti mù ún dé ọrùn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Èkó kò lójú àánú. Awakọ̀ búrẹ́dì tí wọ́n jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójú àánú, ó sì ga. Wọ́n jọ po ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun ta sí ọmọbìnrin náà nímú, awakọ̀ bá a nù ún. Wọ́n rí ìwé kékeré kan tí ìyá àgbà kọ àṣírí búrẹ́dì rẹ̀ sí. Ìdíje kan wà tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ iye owó tí wọ́n jẹ gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí, àwọn méjèèjì fẹnu kora lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì nínú òjò.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ irú ìtàn yìí di iṣẹ́ ọwọ́ tó ní òṣùwọ̀n. Hallmark Channel, ilé tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀ tó ti ń fi fíìmù ìfẹ́ kún ìgbà Kérésì lábẹ́ àkọlé kan náà láti ọdún 2009, máa ń pín ìtàn sí ìpín mẹ́sàn-án kí ìpolówó ọjà lè ráyè wọlé láàárín wọn, wọ́n sì máa ń ya odindi fíìmù láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́pọ̀ ìgbà ní Kánádà, nígbà mìíràn nínú ooru, tí yìnyín àtọwọ́dá yóò kún ilẹ̀ tí òógùn yóò sì máa bo àwọn òṣèré lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Ilé tẹlifíṣọ̀n tó gbé iṣẹ́ fún wa kó ìlànà ìpín mẹ́sàn-án yìí lé mi lọ́wọ́ bó ṣe wà, wọ́n ní kí n yọ Kérésì kúrò kí n fi Iléyá dípò rẹ̀. Yìnyín di òjò, igi Kérésì di àgbò. N kò rí àbùkù nínú kí eré ní ìlànà. Ẹni tó ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá rí mọ̀ pé ọwọ́ yóò tẹ ìjàpá kí àlọ́ tó parí, kò sì torí ìyẹn dìde nídìí àlọ́.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni ìpín kẹjọ. Aṣàgbéjáde eré náà ka ohun tí mo kọ, ó ní ọmọbìnrin yìí ṣì ń ronú bí òṣìṣẹ́ báńkì jù, pé ó yẹ kí ó ṣe ohun ńlá kan tí olùwòran yóò fi rí i pé ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Kò gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú. Mo kọ ọ́ pé ọmọbìnrin náà pe gbogbo alágbàtà jọ, ó gbé ìwé gbèsè bàbá rẹ̀ sókè, ó ní ẹbí ni gbogbo wọn, ó fà á ya, ó da àjákù rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo ti ń gbé Ìkòròdú fún ọdún mọ́kànlá nígbà náà, mo sì ń ra búrẹ́dì lójoojúmọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ìta Ẹlẹ́wà, síbẹ̀ n kò bi ara mi léèrè pé bí wọ́n bá fa ìwé gbèsè ya nílé búrẹ́dì lónìí, kí ni wọn yóò fi ra ìyẹ̀fun lọ́la.

Ilé búrẹ́dì Ìyá kò tíì dẹnu kọlẹ̀, àmọ́ nǹkan kò rọrùn fún wọn. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní ìyẹ̀fun búrẹ́dì ní Nàìjíríà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, owó àlìkámà gbéra káàkiri ayé; nígbà tí ìjọba kéde ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí wọ́n sì tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lójú dọ́là, àpò ìyẹ̀fun oníkílò 50 tún gun òkè. Ìyá dín àpò tí wọ́n ń pò lálẹ́ kù láti mẹ́fà sí mẹ́ta. Wọ́n fi igi ìdáná sí abẹ́ ààrò, epo dísù tí wọ́n bá sì rà, ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun nìkan ni wọ́n fi ń gbé.

Kò sí ìwé àṣírí kankan nílé náà. Búrẹ́dì Agége ni wọ́n ń ṣe, ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀, yíìsì, bọ́tà àti omi. Ohun tó mú un ki tó bẹ́ẹ̀, tí a fi lè fi gbá ẹ̀wà àgànyìn láìjẹ́ pé ó já sínú àwo, ni pé wọ́n ń gba àpòpọ̀ rẹ̀ kọjá láàárín irin róbótó méjì léraléra títí yóò fi jọ̀lọ̀. Bí a bá sì ní kí a wá ìyá àgbà tó fi òwò búrẹ́dì lélẹ̀ ní Èkó, ọkùnrin ará Jàmáíkà kan la óò bá níbẹ̀, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè ní 1913 tó sì bọ́ sídìí òwò búrẹ́dì ní nǹkan bí ọdún 1921. Mo sọ èyí fún aṣàgbéjáde. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní sunkún nítorí akọ̀wé rélùwéè.

Ohun méjì ni ilé búrẹ́dì náà fi ń mí, agogo àti ìwé. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í pò. Àpòpọ̀ yóò wà nínú páànù títí yóò fi wú, ààrò yóò gbà á lóru, búrẹ́dì yóò sì ti jáde kí agogo márùn-ún ìdájí tó lù, nítorí pé àwọn alágbàtà gbọ́dọ̀ ti dé ibùdókọ̀ àwọn tó ń lọ sí Mile 12 àti ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ẹ̀kọ́ kí èrò tó kọjá. Búrẹ́dì tó bá jáde ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, lójú alágbàtà, kò jáde rárá. Ní ti ìwé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń gba búrẹ́dì tà ni kì í ní owó lọ́wọ́ ní ìdájí. Àwìn ni wọ́n ń gba tòní, wọn a sì san án lọ́la nígbà tí wọ́n bá wá gba tọ̀la. Nítorí náà, gbèsè kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo tí kì í tán, tí kò sì yẹ kó tán, nítorí pé òun ló so alágbàtà mọ́ ilé búrẹ́dì, owó àná ni Ìyá sì fi ń ra ìyẹ̀fun òní. Ọmọ wọn obìnrin ló ń kọ ọ́ sínú ìwé gígùn kan tó ní ẹ̀yìn líle. Ìyá kò mọ̀wé kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ewé alágbàtà kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ojú ọmọ, wọn a ṣí ìwé náà, wọn a fi ìka lé e, kò sì sí ìgbà tí wọ́n ṣì í.

Aṣàgbéjáde san 250,000 náírà fún lílo ilé náà ní ọjọ́ méje. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la óò máa ṣiṣẹ́, kí ilé lè ṣófo fún àwọn tó ń pò lálẹ́. A kò kọ ohunkóhun nípa èyí tí a lè fọwọ́ kàn nínú ohun èlò ilé iṣẹ́ àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, n kò sì kíyè sí àlàfo náà. Àdúgbò gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu: ìlú tí àwọn ọmọ tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois ti ń fi ìkòkò àti àga ilé tún àwòrán fíìmù ńláńlá ṣe, títí Netflix fi fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn ní 2020, kì í sá fún kámẹ́rà.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní wàhálà púpọ̀ àfi ti agogo. Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ọ̀sán wọ alẹ́, àwọn tó ń gbohùn sílẹ̀ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ nítorí pé ariwo rẹ̀ ń wọ inú ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àpòpọ̀ àpò kan tí wọ́n ti fi yíìsì sí sì wú kọjá ààlà, ó ṣubú, ó kan. Ìyá bínú díẹ̀, wọ́n gbà á bí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń bójú tó ohun èlò eré tẹ ọ̀rá búrẹ́dì tí a fi orúkọ àtọwọ́dá sí, ó wá bi mí bóyá kí òun hùmọ̀ nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sí i lára, nítorí pé ọ̀rá búrẹ́dì tí kò bá ní nọ́ńbà náà kò jọ búrẹ́dì lójú ẹni tó ń ra búrẹ́dì. Mo ní kó má dán an wò. Ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò awakọ̀ fi bo igun ọ̀rá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Mo tún dábàá pé kí àfẹ́sọ́nà burúkú náà parọ́ mọ́ bàbá ọmọbìnrin yìí pé ó ń lo bromate, kẹ́míkà tí àwọn kan ń fi sí ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú, èyí tí NAFDAC ti fòfin dè ní búrẹ́dì láti ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ilé tẹlifíṣọ̀n ní ìyẹn ti di ìròyìn.

Ọjọ́ karùn-ún ni ọjọ́ ìwé. Olùdarí eré fẹ́ kí àwọn alágbàtà inú eré jọ alágbàtà, ó sì rọrùn jù láti lo àwọn gan-an. Obìnrin mẹ́rìnlá tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ Ìyá wá ní agogo méjì ọ̀sán, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5,000 náírà, a ní kí inú wọn dùn nígbà tí ọmọbìnrin náà bá fa ìwé ya. Ẹni tó ń bójú tó ohun èlò ti ra ìwé kan tó jọ ti Ìyá, ó sì ti kọ orúkọ àtọwọ́dá kún ojú ewé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ya ìwé náà ní ìtòsí, olùdarí ní ó ti tuntun jù, ó ní kò sí ìtàn lára rẹ̀. Ọmọ Ìyá, tí kò fẹ́ kí a rí òun bí ẹni tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, bá gbé ìwé gidi jáde. Ìyẹ̀fun wà ní ìṣẹ́po rẹ̀, bọ́tà ti mú etí ewé rẹ̀ dúdú, ó sì rẹwà lójú kámẹ́rà lóòótọ́. Wọ́n yà á ní ìtòsí lọ́wọ́ òṣèrébìnrin náà, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì mú ìwé àdàkọ fún fífà ya.

Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n fà á ya, iná kan kú. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀kadà kan fun fèrè níta. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ojú ewé tó ní ìkọ̀wé mọ́ nínú ìwé àdàkọ, olùdarí ń pariwo pé oòrùn ń lọ, ẹnìkan sì na ìwé tó wà lórí tábìlì sí òṣèrébìnrin náà. Ta ni ẹni náà? Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ti sọ fún mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, n kò sì ní kọ èyíkéyìí níhìn-ín. Òṣèrébìnrin náà fi gbogbo agbára fà á, nítorí pé bébà rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ojú ewé mẹ́ta sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn alágbàtà pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan láàárín wọn, tó ti ń gba búrẹ́dì níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù tó dé, la ẹnu sílẹ̀ ó sì fi ọwọ́ bò ó. Olùdarí sọ fún mi pé eré tó dára jù lọ nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Ìyá àgbà náà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun dá ìwé mọ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé àwa àti Ìyá Oníbúrẹ́dì ti jọ sọ ọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀sán àwọn eléré ni òru ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. A ti fi rọ́bà omi rọ òjò àtọwọ́dá sórí àjákù náà, wọ́n gbá a jọ pẹ̀lú ti àdàkọ, ọmọ iṣẹ́ kan sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ààrò nígbà tí wọ́n ń dáná alẹ́. Àwòrán la wá yà, ìwé la wá ya.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹfà, alágbàtà mẹ́rìnlá wá gba búrẹ́dì, mẹ́ta ló sanwó. Àwọn mọ́kànlá yòókù ni wọ́n wà ní ojú ewé mẹ́ta tó lọ. Ẹni àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, «Ìyá, ṣebí a ti jọ pàtẹ́wọ́ sí i lánàá?» Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n sì wọn búrẹ́dì fún un. Ẹnì kejì sọ ohun kan náà láìrẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ẹnì kẹrin, Ìyá ní kí ọmọ wọn gbé ìwé wá. Owó tó wọlé ní ìdájí yẹn kò tó ra àpò ìyẹ̀fun kan, kò sì sí pípò ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin náà burú. Mo mọ méjì nínú wọn. Ẹni tó jẹ 30,000 náírà tó sì ń jèrè owó táṣẹ́rẹ́ lórí búrẹ́dì kan, bí o bá fa gbèsè rẹ̀ ya lójú rẹ̀ tí o sì ní kí inú rẹ̀ dùn, kò ṣòro fún un láti gbàgbọ́ fún ọjọ́ kan pé bóyá ẹnìkan ti ṣàánú òun. Ohun tí mo kọ fún ọmọbìnrin báńkì gan-an nìyẹn, àwọn kàn gbà á gbọ́ ju bí èmi tí mo kọ ọ́ ṣe gbà á gbọ́ lọ ni.

Ẹni tó yọ wá kì í ṣe olùdarí, kì í ṣe aṣàgbéjáde, kì í sì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ eléré tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ òṣèré nínú àwòrán kan ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e: bí ife bá kún, kí ó kún, bí ìwé bá ṣí sí ojú ewé kan, kí ó tún ṣí síbẹ̀. Fóònù ló fi ń ya gbogbo rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò dáhùn, ó kàn ń fi ìka yí àwòrán lórí fóònù rẹ̀. Ó ti ya ìwé gidi náà lọ́wọ́ òṣèrébìnrin ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ní ìgbà mẹ́fà, nítorí pé olùdarí kò lè pinnu ojú ewé tó fẹ́. Nínú ojú ewé mẹ́ta tó lọ, méjì hàn kedere, orúkọ àti iye. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ bò.

Ìpàdé wáyé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ keje, ní iwájú ààrò tó ti tutù. Ìyá Oníbúrẹ́dì àti ọmọ wọn wà níbẹ̀, àwọn alágbàtà mọ́kànlá, aṣàgbéjáde, èmi, àti bàbá kan tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn oníbúrẹ́dì àdúgbò. Bàbá náà kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ láìdá sí i. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sọ pé gbogbo ayé ló rí i pé wọ́n fa ìwé ya, pé kámẹ́rà pàápàá jẹ́rìí. Bàbá bi í pé, «Ọmọ tó fà á ya, ọmọ Ìyá ni?» Ó ní rárá. «Ó jẹ́ alájọṣe Ìyá nínú òwò?» Ó ní rárá. «Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí o gbà lọ́wọ́ àwọn eléré ńkọ́, kí ni wọ́n ní o gbà á fún?» Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n ní kí inú òun dùn ni. Bàbá ní, «O ti ṣiṣẹ́ náà, wọ́n sì ti san ọ́. Ó ku ti búrẹ́dì.» Àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti rọ̀.

Ojú ewé méjì tí àwòrán wọn hàn gba alágbàtà mẹ́jọ, àpapọ̀ gbèsè wọn jẹ́ 291,000 náírà. Kò sí ẹni tó jiyàn nígbà tí wọ́n rí ìkọ̀wé ọmọ Ìyá nínú fóònù. Ẹni mẹ́ta ló wà ní ojú ewé kẹta. Ìyá ka iye wọn láti orí: 27,000, 41,500 àti 24,000. Ẹni àkọ́kọ́ gbà. Ẹni kẹta ni ìyá àgbà tó fi ọwọ́ bo ẹnu nínú eré, ó sì ní rárá o, 27,000 ni tòun náà, nítorí pé òun padà wá gba búrẹ́dì mẹ́ta ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ọmọ Ìyá kọ sílẹ̀ nígbà tí Ìyá kò sí nílé. Ẹni kejì dúró lórí pé 20,000 ni òun jẹ. Ìyá kò bá a jà. Wọ́n kàn ń wò ó. Aṣàgbéjáde gbà láti san 21,500 tí àwọn méjèèjì fi yàtọ̀, ó sì fi owó àpò ìyẹ̀fun méjì kún un, ọ̀kan fún èyí tó kan ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan fún alẹ́ tí a kò pò. A fún àwọn alágbàtà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti san owó àtẹ̀yìnwá díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé tọ̀la kò gbọdọ̀ dúró. Ẹni mẹ́wàá pé títí ọ̀sẹ̀ kẹrin fi parí. Ẹni kejì náà kò wá mọ́. Mo gbọ́ pé ó ti ń gba búrẹ́dì lápá Ìjẹ̀dẹ́.

Mo tún ìpín kẹjọ kọ ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Nínú èyí tí mo kọ, ọmọbìnrin náà kò fa ohunkóhun ya. Ó jí ní agogo mẹ́rin, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń gba àwọn alágbàtà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí ojú ewé, awakọ̀ ń tan iná tọ́ọ̀ṣì fún un, wọn kò sì sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan. Mo rò pé ìfẹ́ wà níbẹ̀ ju bí ó ti wà nínú òjò lọ, mo sì ṣì rò bẹ́ẹ̀. Olùdarí fẹ́ràn rẹ̀. Ilé tẹlifíṣọ̀n dá a padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àlàyé pé ìṣirò kọ́ ni ènìyàn ń bá tẹlifíṣọ̀n jókòó lálẹ́ Sátidé fún. Wọ́n lo ẹ̀ẹ̀kẹta tí a yà, èyí tí ìwé gidi ti ya, nítorí pé òun ló dára jù.

Eré náà jáde ní alẹ́ Sátidé kan tí Iléyá ku díẹ̀. A wò ó nínú ilé búrẹ́dì, lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n gbé ka orí àpò ìyẹ̀fun, tí ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun sì ń ké débi pé a kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti fa ìwé ya, Ìyá wo ojú ìyá àgbà náà tó la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ní, «Ìyẹn mọ̀,» wọ́n sì padà sídìí páànù wọn.

Ọmọ Ìyá ti lọ tẹ àwòrán méjèèjì jáde lára bébà, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ibi tí ojú ewé ti ya. Ọwọ́ òṣèrébìnrin náà ṣì hàn nínú àwòrán kejì, èékánná rẹ̀ tí a kùn ní pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iye náà. Ọmọ náà fẹ́ gé e kúrò. Ìyá ní kó fi sílẹ̀, pé èékánná pupa náà ni àwọn fi ń dá ojú ewé yẹn mọ̀ báyìí.